Ọwọ́ Anselmo

Ẹ̀rọ ìfọṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí,
ọmọ mi sáré dé, ó dúró níwájú gíláàsì rẹ̀,
ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì gbéra,
ó ń jù wọ́n, ó ń jù wọ́n,
bí ẹyẹ tó fẹ́ fò tí kò rántí ibi tó ń lọ.
Ọdún méjì ó lé oṣù márùn-ún ni.
Bí aṣọ bá dúró, òun náà á dúró.
Bí omi bá tún wọlé, ó tún di ọ̀tun.

Yasna ń kà á.
Ẹ̀yìn rìsíìtì gáàsì ló ń kọ ọ́ sí:
Ajé, ìgbà mẹ́rìndínlógún.
Ìṣẹ́gun, ìgbà mọ́kànlélógún, ó sì fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn.
Ọjọ́rú, a ò kà, atẹ́gùn já wáyà iná.
Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì.
Èmi tí mo ti ojú òkun dé, tí òórùn akàn ń bo ara mi,
mo dúró kà á bí ẹni ka ìwé gbèsè.

Ìyá mi, Ercira, ní kò sí nǹkan kan.
“Ìwọ náà ń forí gbá ìrọ̀rí títí o fi pé ọdún mẹ́rin.
Wo ara rẹ: o láya, o sì ní ìdajì ọkọ̀ ojú omi.”
Ìyá oníbúrẹ́dì tó wà nísàlẹ̀ ilé wa
ló fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́: ọ́tísímù.
Ó gbé e kalẹ̀ bí ẹyin sórí tábìlì tí kò tẹ́jú.
Láti ọjọ́ náà ni a ti ń fọwọ́ dì í, kó má yí bọ́.

Ní Punta Arenas, atẹ́gùn kì í kí ni kó tó gbá ni.
Wọ́n ta okùn sí ẹ̀bá títì kí arúgbó lè rí nǹkan dì mú.
A gba ibẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn,
Yasna mú ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, mo mú tòsì,
mi ò sì mọ̀ bóyá atẹ́gùn ni mò ń sá fún
tàbí ojú àwọn tí a ń pàdé.

Dókítà Zlatar bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.
Kò tilẹ̀ wo ọwọ́ náà.
Ó fẹ́ ìfóòfóò ọṣẹ, ó dáwọ́ dúró, ó ń retí.
Ó pe orúkọ ọmọ láti ẹ̀yìn.
Ó bi wá: ǹjẹ́ ó máa ń nàka sí nǹkan,
kì í ṣe kí ẹ lè bá a mú un,
kí ẹ ṣáà lè bá a rí i?
Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ kan wà tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá sọnù?

Ẹnu mi gbẹ.
Ojú omi ni mo wà nígbà tí àwọn ọ̀rọ̀ náà ń dé,
báwo ni n ó ṣe mọ èyí tó ti lọ?
Yasna ló dáhùn: “Ó máa ń pe ọkọ̀.
Mi ò gbọ́ ọ mọ́ láti oṣù Kẹjọ.”

Dókítà ní: “Ọwọ́ jíjù nìkan kò tó sọ ọmọ lórúkọ.
Ọ̀pọ̀ ọmọdé ń jùwọ́, wọ́n ń yí, wọ́n ń mi orí,
nítorí ayọ̀, nítorí oorun, ó sì ń kọjá.
Ṣùgbọ́n mi ò ní kí ẹ lọ sùn.
Ẹ mú un padà wá lóṣù tó ń bọ̀, a ó wo gbogbo rẹ̀ pọ̀.
Ẹ má sì dì í lọ́wọ́ mú. Kí ló fi wọ́n bàjẹ́?”

Lálẹ́, mò ń tún àwọ̀n akàn ṣe.
Ta kókó, fà á. Ta kókó, fà á.
Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì.
Yasna ń yí òrùka rẹ̀,
Ercira ń mì síwá sẹ́yìn lórí ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà.
Kò sẹ́ni tó ń kà wá.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ tún bẹ̀rẹ̀.
Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi, mo ju ọwọ́ mi.
Kò wo ojú mi.
Ó kàn di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó gbé e sókè díẹ̀,
bí ẹni pé mi ò ṣe é dáadáa.
Yasna mú bírò,
ó dúró síwájú fíríìjì,
kò mọ orúkọ ẹni tí òun yóò kọ ọ́ sí.